Bí Ọsán Bá Já, Ọrun Di Ọ̀pá: Ọ̀rọ̀ Awọ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ní oṣù Ògún ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún ìmọ̀ awọ ní Sàríà sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn yóò gbé àbá lọ sí iwájú àwọn aṣòfin kí wọ́n lè fi òfin de jíjẹ pọ̀nmọ́. Ó ní awọ tí a ń jẹ kò jẹ́ kí iṣẹ́ awọ gbèrú. Àríyànjiyàn pọ̀, ẹ̀fẹ̀ náà sì pọ̀. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ rán ara wa létí ni pé kí ọ̀rọ̀ bàtà àti báàgì tó dé, awọ ni ó fún ọrun ọdẹ ní agbára.

Okùn ọrun ni àwọn baba wa ń pè ní ọsán. Kì í ṣe ọ̀sán tí oòrùn ń mú, kì í sì í ṣe ọsàn tí a ń mu. Awọ tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Wọ́n ní bí ọsán bá já, ọrun di ọ̀pá.

Ìlú méje ni a mọ̀ sí Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgangan. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, níbi tí koríko ti ń hù láàárín igi, tí ọdẹ ti lè rí ẹran lókèèrè. Nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹran tí ọfà bá pa ni awọ rẹ̀ tún lè di ọsán tí yóò ta ọfà mìíràn.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? A kì í fi iná jó irun rẹ̀ bí a ti ń ṣe sí pọ̀nmọ́, nítorí pé awọ tútù tí iná bá ti rà a máa ń kákò, agbára rẹ̀ a sì tán. Inú omi eérú ni a óò rẹ ẹ́ sí fún ọjọ́ mélòó kan títí irun yóò fi dẹ̀. A óò há irun kúrò lẹ́yìn, a óò há ẹran àti ọ̀rá kúrò nínú, a óò sì fọ eérú nù. Lẹ́yìn náà ni a óò gé e yípo láti etí lọ sí àárín, bí ẹni tí ń bó ọsàn tí kò fẹ́ kí èèpo já. Awọ roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, bí a bá gé e ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà, yóò fún wa ní okùn tí ó tó mítà 14. A óò lọ́ ọ nígbà tí ó ṣì tutù, a óò nà án láàárín igi méjì, a óò jẹ́ kí ó gbẹ lábẹ́ ibòji, a óò sì fi ọ̀rá pa á.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òjò bá pa á, yóò dẹ̀, ọfà kò sì ní lọ jìnnà mọ́.

Ìbọn ni ó gba ipò lọ́wọ́ ọrun. Nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1821, ìbọn àwọn Ìjẹ̀bú dẹ́rù ba àwọn Òwu tí àdá jẹ́ ohun ìjà wọn. Nígbà tí ogun Kírìjì fi bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìró ìbọn ni ó fún ogun náà lórúkọ.

Ọrun lọ, ṣùgbọ́n ọsán kò lọ. Ẹ wo ìlù dùndún: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí onílù ń fún mọ́ra kí ìlù lè fọhùn, ọsán náà ni orúkọ rẹ̀. Òun náà kò fẹ́ omi. Ìdí nìyí tí onílù fi ń yá ìlù rẹ̀ nínú oòrùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nígbà ọ̀rinrin. Ìmọ̀ tí ó ń ta ọfà nígbà kan rí ni ó ń jẹ́ kí ìlù sọ oríkì lónìí.

Nítorí náà, òfin nìkan kọ́ ni yóò sọ awọ di ohun iyì. Igbó-Ọrà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Èrúwà ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Kí wọ́n pe àwọn tí ń kan ìlù wọlé, kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn há awọ. Bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí gbẹ̀yìn bá lọ láìkọ́ ẹnìkan, ọsán já nìyẹn; a kò sì ní mọ bí a ṣe ń so ó.