Bí Ọṣẹ Ṣe Kúrò Lórí Iná

Ìtàn ọṣẹ ni a fẹ́ bá yín sọ níbí. Kì í ṣe ti gbogbo ayé o, ìyẹn pọ̀ ju ìwé kékeré yìí lọ. Ohun kan péré ni a fẹ́ mọ̀: báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ tí ènìyàn fi lè ṣe ọṣẹ nínú ilé rẹ̀ lónìí láì gbé e ka iná? Àwọn ìyá wa àgbà kò mọ irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń sọ pé a ń se ọṣẹ, bí a ti ń sọ pé a ń se ọbẹ̀. Iná wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọṣẹ dúdú á kó èèpo kòkó jọ, tàbí ìdì ẹyìn tí a ti já ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Á sá a kí ó gbẹ, á sun ún títí yóò fi di eérú. Á kó eérú náà sínú ajere, ìkòkò tó ní ihò nídìí, á máa bu omi lé e. Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ajere, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti tíì, òun ni omi eérú. Inú rẹ̀ ni agbára wà. Á gbé e ka iná kí ó lè ki, á da epo tàbí àdín sí i, á wá máa rò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn ará Àjàṣẹ́ tó ń sọ èdè Gùn ní irú tiwọn, kotò ni wọ́n ń pè é.

Báwo ni ìyá àgbà ṣe ń mọ̀ pé omi eérú náà mú tó? Ahọ́n ni ó fi ń tọ́ ọ wò. Kò sí òṣùwọ̀n, kò sí nọ́ńbà. Bí epo bá pọ̀ jù nínú ọṣẹ, á fi omi eérú kún un. Bí ọṣẹ bá ń ta ni lọ́wọ́, á fi epo kún un. Ọṣẹ ṣì wà lórí iná, àyè àtúnṣe sì wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa padà síbẹ̀.

Ọṣẹ eérú máa ń rọ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe é kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí ń bẹ nínú eérú èèpo kòkó ni wọ́n ń pè ní pọ́táàṣì, pọ́táàṣì kì í sì í jẹ́ kí ọṣẹ le. Ohun mìíràn tó jọ ọ́ ń jẹ́ sódà, òun ní í mú ọṣẹ le tí a fi lè gé e ní ègé ègé. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kékeré wo ọṣẹ rírọ̀ yìí. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ ojú omi láti etí òkun wa lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. "Sabão da costa" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn ọṣẹ Etí Òkun. Orúkọ náà ṣì wà.

Ní ilẹ̀ Faransé, ìlú Marseille ni ó gbajúmọ̀ fún ọṣẹ líle. Eérú ni àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n eérú ewéko tó ń hù lẹ́bàá òkun ni, èyí tó ní sódà nínú. Òróró ólífì ni wọ́n ń dà sí i. Ní ọdún 1688, ọba Louis kẹrìnlá ṣe òfin pé wọn kò gbọdọ̀ da ọ̀rá mìíràn pọ̀ mọ́ òróró ólífì nínú ọṣẹ, àti pé kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ ọṣẹ ní oṣù kẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ, nígbà tí oòrùn wọn máa ń mú. Àwọn náà ń se ọṣẹ lórí iná ni, nínú ìkòkò ńláńlá, fún ọjọ́ púpọ̀. Bí sódà bá ṣẹ́kù, omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ rí i pé tiwọn náà ní àyè àtúnṣe.

Eérú etí òkun yìí kò tó wọn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ilẹ̀ Sípéènì, bí ogun bá sì dé, kò ní lè wọlé mọ́. Ọba ilẹ̀ Faransé ṣèlérí ẹ̀bùn owó fún ẹni tó bá lè rí sódà láti inú iyọ̀ òkun. Dókítà kan tí ń jẹ́ Nicolas Leblanc rí ọ̀nà náà, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ lé e lórí ní ọdún 1791. Ṣùgbọ́n ìjọba yí padà, wọ́n gba ilé iṣẹ́ rẹ̀, kò sì rí ẹ̀bùn náà gbà títí ó fi pa ara rẹ̀ ní ọdún 1806. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ ni ó mú kí sódà pọ̀ ní ayé. Bí wọ́n bá fi ẹfun tí a sun nínú iná, tí a sì fi omi pò, kún irú sódà bẹ́ẹ̀, ó máa ń di sódà tí ń jó ara, èyí tí a ń rà lọ́jà lónìí, tó funfun bí iyọ̀.

Lẹ́yìn Leblanc ni Michel-Eugène Chevreul dé, Faransé ni òun náà. Ìwé ńlá ni ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1823 lórí epo àti ọ̀rá. Ó fi hàn pé nígbà tí epo bá pàdé sódà, epo náà máa ń pín sí méjì: apá kan á so mọ́ sódà, á di ọṣẹ, apá kejì á di glísíríìnì, omi dídùn tó máa ń mú ara rọ̀. Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti wá mọ̀ pé oríṣi epo kọ̀ọ̀kan ní iye sódà tí ó lè gbà, kò ní gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Chevreul pẹ́ láyé gan-an. Ọdún 1889 ni ó kú, ó ti pé ẹni ọdún 102.

Nísinsin yìí, sódà pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó. Kí ni ó kù? Epo. Ibí ni ìtàn náà ti kan ilé wa.

Ní ọdún 1841, Victor Régis, oníṣòwò ará Marseille, wá jókòó sínú odi àtijọ́ àwọn Faransé ní Ouidah. Gẹ́zò, ọba Dahomey, ni ó gbà á láyè. Epo pupa ni ó ń rà, ó ń kó o lọ sí Marseille fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Nígbà náà, òwò ẹrú kò tíì parí. Àwọn ìwé ìtàn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé epo kàn rọ́pò ẹrú, tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni ń gun ọ̀pẹ? Ta ni ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, tí ń ru agbè epo lọ sí etí òkun? Ẹrú wà lára wọn, nínú oko ọba àti ti àwọn ìjòyè, ọmọ Nàgó sì pọ̀ nínú àwọn ẹrú náà. Ogun Dahomey ń jà ní ilẹ̀ wa ní gbogbo ìgbà yẹn. Ní ọdún 1886, wọ́n fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìtàn ọṣẹ Marseille, ẹ mọ̀ pé òógùn àwọn bàbá ńlá yín wà nínú rẹ̀.

Epo lọ, ọṣẹ sì padà wá nínú páálí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ìhà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ní ọ̀pẹ wá ń fi owó ra ọṣẹ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 1850, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta sódà nínú agolo fún àwọn obìnrin nínú ilé. Sódà yìí lágbára ju omi eérú lọ dé ibi pé kò nílò iná mọ́. Bí ó bá ti kan omi, òun fúnra rẹ̀ ní í gbóná. Bí ó bá sì ti pàdé epo, ìgbóná tiwọn ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́ náà. Báyìí ni ọṣẹ ṣe kúrò lórí iná. Ní ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí wọ́n dín owó CFA kù sí ìdajì ní oṣù kìíní ọdún 1994, ọjà òkèèrè wọ́n gógó. Sódà náà láti òkè òkun ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi í ṣòfò.

Ẹ rántí àyè àtúnṣe tí mo sọ. Ọṣẹ tí kò rí iná kò ní i. Bí sódà bá pọ̀ jù, inú ọṣẹ ni yóò wà, yóò sì máa jẹ ara ẹni tó bá fi wẹ̀. Òṣùwọ̀n ni ó gba ipò iná. Kílò kan epo pupa ń gba nǹkan bí gráàmù 141 sódà. Kílò kan àdín ń gba 176. Kílò kan òróró àgbọn ń gba 183. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ tí ẹ ní òrí, kílò kan rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí 128 lọ. Ẹni tó bá fi iye ti àdín sínú òrí ti ba ọṣẹ jẹ́.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ṣe díẹ̀. Ẹ wọn epo pupa gráàmù 800 àti àdín gráàmù 200. Ẹ wọn sódà gráàmù 140, ìyẹn dín díẹ̀ sí ohun tí epo náà lè gbà, kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́kù fún ara. Omi mímọ́ jẹ́ gráàmù 300. Ìwọ̀n ni kí ẹ lò, kì í ṣe agolo tòmátò.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ bo ojú, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, ẹ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Inú ike tó nípọn ni kí ẹ ti pò ó, ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, sódà máa ń jẹ ẹ́. Sódà ni a ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi lé sódà lórí, ó lè hó kí ó sì ta sí yín lójú. Bí ó bá kan ara, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá kan ojú, ẹ ṣàn án bákan náà, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Omi sódà kì í ṣe omi eérú: ẹ má fi ahọ́n tọ́ ọ wò láé! Ẹ má sì ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ọtí dídùn tàbí ìgò omi. Ọmọ tó bá gbé e mu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni yóò jó. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bì, ẹ má fún un ní epo mu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ kọ SÓDÀ gàdàgbà sí ara ohun tí ẹ kó o sí.

Ẹ jẹ́ kí omi sódà náà tutù títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ yọ́ epo àti àdín, kí àwọn náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wá da omi sódà sínú epo, kí ẹ máa fi igi rò ó láì dúró. Ó lè tó ìṣẹ́jú 30, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, tí ojú ọ̀nà igi kò pa rẹ́ mọ́, ẹ dà á sínú àpótí pákó tí ẹ ti tẹ́ ọ̀rá sí, ẹ bò ó. Ní ọjọ́ kejì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ gé e. Ẹ tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba àárín ègé kọjá, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sí ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó kéré jù kí ẹ tó lò ó.

Ẹ lè rí ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ lójú àwọn ègé náà. Kì í ṣe pé ọṣẹ bàjẹ́, ẹ nù ún kúrò. Sódà díẹ̀ tó wà lójú ọṣẹ ni ó pàdé afẹ́fẹ́, tó sì di irú sódà tí àwọn ará Marseille ń yọ láti inú eérú etí òkun, òun kan náà ni Leblanc sì rí nínú iyọ̀ ní ọdún 1791.