Ọ̀rọ̀ Àpèjọ: Orúkọ Yorùbá fún Háṣítáàgì

Ní Ifangni, ní ẹkùn Plateau ilẹ̀ Benin, tí ẹnubodè Igolo so mọ́ Nàìjíríà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn háṣítáàgì ìfẹ̀hónúhàn fi ń dé etí ẹni tí ń sọ Yorùbá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Mot-dièse, orúkọ tí ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí fún háṣítáàgì ní 2013, kò ju ìrísí àmì # lọ, kò tilẹ̀ sọ ìrísí náà re, nítorí àmì orin ni dièse. Ṣùgbọ́n ohun tí àmì yìí ń ṣe ni pé ó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn tí kò mọra rí jọ sí ojú kan, bí agogo akéde ti ń kó ará ìlú jọ. 'Ọ̀rọ̀ àpèjọ' ni ó bá a mu.

Bí a ti rí orúkọ, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àpèjọ fúnra rẹ̀ ni ó kàn. Ní oṣù Keje 2018, ìjọba Ààrẹ Patrice Talon ti Benin pàṣẹ owó-orí fáránkì CFA 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá lò lórí WhatsApp, Facebook àti irú wọn; nígbà tí àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án, #TaxePasMesMo ('má bu owó-orí lé Mo mi') gbòde, ìjọba sì fagi lé owó náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo inú rẹ̀, tí kò bá 'mo' Yorùbá tan rárá, ni ìkékúrú mégaoctet (mẹ́gábáìtì ní Faransé), ìró rẹ̀ sì bá ti mots, ìyẹn 'ọ̀rọ̀', dọ́gba, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń gbèjà dátà rẹ̀ ń gbèjà ohùn rẹ̀ pẹ̀lú. Irú ẹ̀fẹ̀ báyìí kò ṣeé gbé wọ Yorùbá. Ó sàn kí a fi í sílẹ̀ bí wọ́n ti dá a, kí a sì ṣàlàyé rẹ̀.

Èyí tí a gbé dìde láti dá òmíràn lóhùn, bí #AllLivesMatter ('gbogbo ẹ̀mí ló ṣe pàtàkì') ti ṣe sí #BlackLivesMatter ('ẹ̀mí aláwọ̀ dúdú ṣe pàtàkì'), ni a lè pè ní 'àpèjọ ìfèsì'. 'Àtakò' kò tó, nítorí gbogbo ìfẹ̀hónúhàn ni àtakò. Ọ̀tọ̀ ni 'àpèjọ àjágbà', èyí tí a já gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó dá a: ní 2014, àwọn alátìlẹ́yìn Ààrẹ Goodluck Jonathan ti Nàìjíríà yí #BringBackOurGirls, igbe nítorí àwọn ọmọbìnrin Chibok tí a jí gbé, padà sí #BringBackJonathan2015, títí ààrẹ fúnra rẹ̀ fi ní kí wọ́n ká àwọn pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí kúrò.

Ìkọ̀wé ni ìṣòro tí ó kù, nítorí ọ̀rọ̀ àpèjọ kì í gba àlàfo, ojú òpó mìíràn sì lè ka #ẸGbọ́Wa àti #EGboWa sí méjì; àfi kí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kéde ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀.