Èsúrú Inú Ìgbẹ́ àti Ọgbọ́n Àwọn Àgbà



Ẹ̀yìnkùlé wa ni ìyá mi àgbà ti kọ́kọ́ fi èsúrú hàn mí: ewé tó pín sí mẹ́ta, ẹ̀gún lára ìtàkùn. Àmì kan náà ni ti oko àti ti ìgbẹ́ ní. Ti oko ṣeé sè jẹ, ti ìgbẹ́ a máa pani. Síbẹ̀, nígbà ìyàn àtijọ́, àwọn àgbà a máa gé ti ìgbẹ́ wẹ́wẹ́, wọn a rẹ ẹ́ sínú odò tó ń ṣàn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sè é. Ó dá mi lójú pé ẹ̀mí lọ sí i kí ọgbọ́n náà tó dé. Ọ̀sanyìn ló ni ewé, ṣùgbọ́n ẹnu àgbà la ti ń kọ́ ọ. Ẹni tí kò rí àgbà bi, kó má wà á.