Ọgbẹ́ Iṣẹ́ Abẹ Obìnrin: Ìtàn Rẹ̀ Títí dé Ọ̀rẹ̀ àti Odigbo

Kí ayé tó mọ̀ pé kòkòrò àìfojúrí ló ń mú ojú ọgbẹ́ di ọyún, ìyá tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún kì í sábà yè é. Ní 1847, dókítà Ignaz Semmelweis ní ìlú Vienna kíyè sí i pé àwọn dókítà tó ń ti ìdí òkú tí wọ́n ń là bọ̀ ló ń kó ibà ran àwọn abiyamọ. Ó ní kí wọ́n máa fi omi kiloríìnì fọwọ́, ikú sì dínkù. Ní 1879, Robert Felkin rí oníṣẹ́ abẹ ìbílẹ̀ kan ní Bunyoro, ní Uganda òde òní, tó fi ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ ọwọ́ ara rẹ̀ àti ikùn aboyún kó tó là á. Ìyá yè, ọmọ yè. Ó yẹ kí àwọn èèyàn mọ ìtàn yìí ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ, nítorí kì í ṣe Yúróòpù nìkan ló ronú kan ìmọ́tótó.

Ní Ọ̀rẹ̀, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ àkóràn ojú ọgbẹ́ kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ìlú náà wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí ìlú Benin, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbé abúlé oko kòkó sábà máa ń sún mọ́ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ju ilé ìwòsàn lọ. Bí ìrọbí bá pẹ́, tí omi ti dà láti àná, tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ sì ti yẹ ojú ara wò, kòkòrò ti gun ilé ọmọ kí dókítà tó mú abẹ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì fi léwu ju èyí tí wọ́n dá ọjọ́ sí. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ara sísanra jù àti iṣẹ́ abẹ tó pẹ́ náà ń dá kún un. Bí wọ́n bá ń yọ ilé ọmọ nítorí fibroid, abẹ á tún ṣí ojú ara, ibùgbé kòkòrò, sínú ikùn.

Ètò Abiyẹ tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímíkò, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ́rẹ̀, kọjú sí ìdádúró kí aboyún tó dé ilé ìwòsàn gan-an. Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010. Ní 2014 ni Agbẹ̀bíyè tẹ̀ lé e, tó ń fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní ẹ̀bùn bí wọ́n bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn. Ètò kejì yìí ló jọ pé ó bá ìgbèríko mu jù, torí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí obìnrin kọ́kọ́ ń sá tọ̀.

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò láàárín wákàtí méjì ṣáájú abẹ, kí wọ́n má sì fi abẹ fá irun ibẹ̀. Ní 2022, ìwádìí ChEETAh, tí Nàìjíríà àti Benin wà nínú orílẹ̀-èdè méje rẹ̀, dán ìpààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ wò kí wọ́n tó rán ikùn. Láàárín aláìsàn 13,301, àkóràn lọ sílẹ̀ láti 18.9 sí 16.0 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kò ka iṣẹ́ abẹ ìbímọ mọ́ ọn.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí ibà tàbí ọyún bá yọjú, obìnrin náà ti sábà padà sí abúlé.