Òfíntótó Kì í Ṣe Àṣejù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹni tí ó bá ń yẹ nǹkan wò ju bí ó ti yẹ lọ, aláṣejù ni à ń pè é. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ ọn, èyí tí í ṣe òfíntótó. Ẹni tí ń tú ìdí ọ̀rọ̀ wò fínnífínní, tí kì í jẹ́ kí ohun kékeré kọjá lójú òun, ni olófìíntótó. Bí a bá fi inú dídùn sọ ọ́, ìyìn ni. Bí a bá fi ìbínú sọ ọ́, èébú ni: "Òfíntótó rẹ ti pọ̀ jù!"

Níbo wá ni ààlà àwọn méjèèjì wà? Lára àwọn wolé-wolé ni mo ti kọ́ ọ.

Alékúwodò ní ìlú Òṣogbo ni mo gbé dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi tí wọ́n jẹ́ ọmọ Iléṣà. Afínjú ènìyàn ni wọ́n. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àgbàlá wọn yóò ti mọ́ tónítóní. Síbẹ̀, bí wolé-wolé bá dé, yóò ṣí ọmọrí àmù, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí i, yóò sì tẹjú mọ́ omi bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́. Bí ó bá rí tanwíji kan ṣoṣo, a ó da omi tí a fi orí rù wálé nù. Lẹ́yìn náà, a ó tún fi kànìnkànìn ha inú àmù. "Aláṣejù ọkùnrin!" ni ìyá àgbà máa ń wí bí ó bá ti jáde.

Wo-ilé-wo-ilé ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ ọ̀hún sì ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó. Ní ọdún 1925, Dókítà Isaac Ladipo Oluwole di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a fi ṣe igbákejì ọ̀gá oníṣègùn ìlera ìlú níbẹ̀. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá.

Ní ọdún 1987, ibà pọ́njú jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ nígbà náà, títí di ọdún 1991. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo wà. Ẹ̀fọn abilà tí ń yé ẹyin sínú omi inú ilé ni ó gbé àrùn náà kiri. Láti ọdún 1900 ni Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Kúbà pé ẹ̀fọn ní í gbé e. Ní ọdún 1901, àwọn tí ń yẹ omi wò láti ilé dé ilé ni ó ṣẹ́gun rẹ̀ ní ìlú Havana.

Ẹ gbọ́ ìdí tí kànìnkànìn fi wọ ọ̀rọ̀ náà. Ara àmù ni ẹyin ẹ̀fọn yìí máa ń lẹ̀ mọ́. Ó lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó má kú. Bí omi bá tún kàn án, yóò pa. Ẹni tí ó da omi nù tí kò ha àmù kò tíì ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí ìròyìn ibà náà kan ìyá àgbà lára, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ha àmù wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N kò gbọ́ "aláṣejù" lẹ́nu wọn mọ́. Bí etí mi ti gbọ́ orúkọ àdúgbò wa, a lé ikú wọ odò ni ó ń wí. Ní ilé tiwa, inú àmù ni a ti kọ́kọ́ lé e.

N kò sọ pé gbogbo wolé-wolé ni ó dára. Òmíràn ń fi òfíntótó bojú, owó ni ó ń wá nínú àmù. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ẹ tó pe ẹnìkan ní aláṣejù, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń wá. Bí ó bá lè fi hàn yín, olófìíntótó ni. Bí kò bá rí nǹkan fi hàn, òwe ti ń dúró dè é: aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.