Yorùbá Nílé Kì í Ba Ẹ̀kọ́ Ọmọ Jẹ́

Ọ̀pọ̀ òbí wa, pàápàá àwọn tó ń gbé ní ìlú ńlá, ló gbà pé bí àwọn bá ń sọ Yorùbá fún ọmọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní já gaara, yóò sì máa gbẹ́yìn nílé ìwé. Ìfẹ́ ọmọ ló bí èrò yìí, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún 6 gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà lára iṣẹ́ wọn, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo Yorùbá fún ọdún 3, lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi èsì wéra, àwọn tó fi Yorùbá kàwé parí ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí rẹ̀ ni pé òye tí ọmọ ti ní kò so mọ́ èdè kan ṣoṣo. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ṣàlàyé fún bí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ṣe ń gbẹ omi lára aṣọ tí wọ́n sá, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù tí yóò kọ́ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí Gẹ̀ẹ́sì kò ti yọ̀ mọ́ òbí lẹ́nu, tí wọ́n sì fi dandan sọ ọ́, àṣẹ ló sábà máa ń kù: jókòó, dákẹ́, jẹun. Àlàyé, ìtàn àti ìbéèrè á pòórá, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí gan-an ló ń la ọmọ lọ́yẹ.

Nítorí náà, òbí tí kò kàwé pàápàá lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ ọ lónìí. Ibi tó bá ti ń kólòlò ni kò tíì yé e. Ibẹ̀ ni kó lọ bi olùkọ́. Ẹ pa àlọ́ fún un, kí ẹ sì ní kó tún un pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ohun tí àkàyé ń béèrè nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá ka owó ọjà. Kó tó pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé 50 ni a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀. Ìṣirò orí ni. Kí ó sì máa ka ìwé Yorùbá, irú Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, nítorí mímọ̀ ọ́n sọ yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n kà.

Kò sẹ́ni tó ní kí a pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Àwọn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, bó ṣe yẹ kí tiwa náà rí. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún olùkọ́ tó dáńtọ́ àti ìwé gidi, kí ẹ sì fi èdè tí ẹ mọ̀ jù lọ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ dáadáa lójoojúmọ́.