Iṣẹ́ fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Lomé: ta ló ń san owó rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Atakpamé, ní Kambolé àti ní àwọn abúlé wa ló ń sọ fún òbí wọn báyìí pé Lomé làwọn ń lọ, pé àwọn fẹ́ di ẹni tí Faransé ń pè ní créateur de contenu. Òbí á béèrè pé: "Ṣé iṣẹ́ ni ìyẹn?" Iṣẹ́ ni o. Àmọ́ ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà wọlé ní Togo yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fi hàn wá lórí fóònù. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ta ewúrẹ́ tàbí kó yá owó nítorí rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Ẹni tó ń ṣe é máa ń ya fídíò tàbí àwòrán, tàbí kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó wá gbé e sórí Facebook, TikTok, YouTube, Instagram tàbí WhatsApp. Àwọn kan ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè, irun dídì, iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí èdè. Fídíò ìṣẹ́jú méjì lè gba odindi ọjọ́ kan: ká ronú ohun tá a máa sọ, ká yà á, ká gé e, ká gbé e sókè, ká sì dá àwọn tó kọ̀wé sí wa lóhùn.

Kì í ṣe òní ni Lomé ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ń tajà. Ẹ rántí àwọn Nana Benz, àwọn ìyá tó ń ta aṣọ wax ní ọjà Assigamé, tí wọ́n lówó débi pé ọkọ̀ Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn. Ilẹ̀ Holland ni ọ̀pọ̀ aṣọ náà ti ń wá, àmọ́ àwọn ìyá yìí ló ń sọ àwòrán ara aṣọ lórúkọ, orúkọ yẹn ni oníbàárà sì máa ń béèrè. Oníbàárà gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, ìdí nìyẹn tí ọjà fi ń tà. Lónìí, ẹni tó bá ń ta aṣọ lórí Facebook tàbí TikTok ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, fóònù ló kàn gbé dání.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni oko wa

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wáyà Equiano tí Google ń tẹ́ sábẹ́ òkun láti Portugal lọ sí South Africa dé sí Lomé. Ó ran íntánẹ́ẹ̀tì Togo lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ṣì ń ra forfait, iná sì lè lọ nígbàkígbà.

Ewu mìíràn tún wà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí àwọn èèyàn ń ṣe ìwọ́de, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ní Togo fún ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ CEDEAO dájọ́ pé gígé yẹn kò bá òfin mu. Ìdájọ́ náà dára, àmọ́ ọjà tí kò tà lọ́jọ́ yẹn kò tún lè tà mọ́. Nítorí náà, ẹni tí gbogbo oúnjẹ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan dà bí àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo nìkan tó sì ń wo ojú òjò.

Ṣé ìkànnì ló ń sanwó?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé bí fídíò bá ti ní wíwò púpọ̀, owó á dé fúnra rẹ̀. Ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, orílẹ̀-èdè tí a ń gbé sì wà lára òfin náà.

TikTok ní ètò kan tó fi ń sanwó fún fídíò tó gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó béèrè pé kéèyàn ti pé ọdún 18, kó ní ọmọlẹ́yìn 10,000, kí wọ́n sì ti wo fídíò rẹ̀ ní ìgbà 100,000 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì, Brazil àtàwọn mélòó kan wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan níbẹ̀.

Lọ́dún 2024 kan náà, Meta tó ni Facebook ṣí ọ̀nà owó ìpolówó fún àwọn tó wà ní Nàìjíríà àti Ghana. Wọn ò dárúkọ Togo nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti Lomé dé Aflao ní Ghana.

YouTube náà ní àkójọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sanwó fún. Ghana, Nàìjíríà àti Senegal wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan téèyàn lè gbà dẹni tó ń gba owó ìpolówó ni pé kó ní 1,000 èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ láti máa tẹ̀lé e, kí wọ́n sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín ọdún kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: wákàtí 4,000 jẹ́ ìṣẹ́jú 240,000. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wo ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó di ìgbà 80,000 tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà, nínú owó ìpolówó tó bá wọlé lórí fídíò gígùn, YouTube á mú ìdá 45 nínú 100, èèyàn á gba 55. Owó náà kò sì ní jáde àfi tó bá pé 100 dọ́là. Google tún máa ń fi lẹ́tà tó ní nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá àdírẹ́sì téèyàn kọ jẹ́ òótọ́. Abúlé tí kò ní orúkọ òpópónà, tí kò sí boîte postale níbẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan máa ń lo àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Paris. Bí ìkànnì bá mọ̀ pé irọ́ ni, ó lè ti ojú òpó náà pa pẹ̀lú owó tó wà nínú rẹ̀.

Ta ló wá ń sanwó ní Lomé?

Ẹni tó wà nítòsí ni. Aránṣọ tó fẹ́ kí wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù òun, ilé oúnjẹ, ẹni tó ń ta fóònù, àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó tí wọ́n nílò ẹni tó máa ya fídíò. Wọ́n ń sanwó lọ́wọ́, tàbí lórí Flooz ti Moov àti T-Money, tó ti di Mixx by Yas báyìí. Àwọn mìíràn ń fi ojú òpó wọn ta ọjà tara wọn: gàrí, òróró, aṣọ, ọṣẹ.

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ: aránṣọ kan san 15,000 fráǹkì CFA fún fídíò kan. Ẹ yọ 4,000 fún forfait, 2,000 fún zémidjan, 1,000 fún oúnjẹ. Ó ku 8,000. Bí iṣẹ́ náà bá gba ọjọ́ méjì, 4,000 ni ọjọ́ kan. Ẹ wá béèrè pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mélòó ló ń wá lóṣù, kí ẹ tó gba yàrá ní Lomé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ lè lọ forúkọ sílẹ̀ ní CFE, kó sì bá OTR sọ̀rọ̀ nípa owó orí.

Èdè wa náà jẹ́ ọjà

Faransé á gbé fídíò dé Abidjan àti Dakar. Mina àti Ewe á kó àwọn ará Lomé jọ. Àmọ́ Yorùbá á dé Cotonou, Kétou, Ìbàdàn àti Èkó. Taaooma àti Mr Macaroni ní Nàìjíríà ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú eré wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì mọ̀ wọ́n. Khaby Lame, tí wọ́n bí ní Senegal tó sì dàgbà ní Italy, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá nínú ọ̀pọ̀ fídíò tó sọ ọ́ di olókìkí. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2020. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2022, òun ni ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ jù lórí TikTok ní gbogbo ayé. Ẹnì kan ṣoṣo ni o, ẹ má fi í ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tá a lè rí kọ́ ni pé ẹni tí ohun tó ń ṣe bá yé èèyàn kò nílò ilé ńlá láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹyin lohùn

Ọ̀rọ̀ tá a bá sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe é kó pa dà. Togo ní òfin lórí ìwà ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù Kejìlá ọdún 2018, àti òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni láti oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Òfin ìròyìn ti oṣù Kìíní ọdún 2020 yọ ìkànnì àjọlò kúrò nínú ohun tó dáàbò bò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n ti akọ̀ròyìn Ferdinand Ayité àti Joël Egah mọ́lé ní Lomé nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú ètò kan lórí YouTube. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí akọ̀ròyìn tó ní káàdì, kí ọ̀dọ́ tí kò ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ èèyàn kí ẹ tó yà á, pàápàá ọmọdé àti aláìsàn. Orin olórin náà ní olówó: BUTODRA ló ń bójú tó o ní Togo.

Orúkọ ni owó wa

Ìpolówó tó ń sanwó jù ló sábà máa ń léwu jù: oògùn tó ń wo gbogbo àìsàn, ìwé ìrìnnà sí Canada, ibi tí owó ti ń di ìlọ́po. Àwọn àgbà ní Benin kò tíì gbàgbé ICC Services, tó wó lọ́dún 2010 pẹ̀lú owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi pa mọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá polówó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lónìí, ìyá rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fowó sí i, torí pé òun ló sọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí aránṣọ tó máa gbé iṣẹ́ fún un mọ́.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láìkúrò nílé

Ẹ lo fóònù tó wà nílẹ̀. Ẹ mú ohun kan tí ẹ mọ̀ dáadáa: iṣu gbígbìn, aṣọ híhun, ìtàn ìlú yín. Ẹ ṣe fídíò méjì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì máa kọ ohun tó jáde àtohun tó wọlé sínú ìwé. Ẹ má ra ọmọlẹ́yìn: èèyàn tí kò sí kò lè ra gàrí. Ẹ má fi nọ́ńbà àṣírí tó bá wọlé sórí fóònù yín han ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá ní òun máa ṣí monétisation fún yín, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́, olè ni. Ẹ má fi iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ títí tí ìwé ìṣirò yẹn á fi sọ pé ó tó. Bí owó tó wọlé bá ti ju owó tó jáde lọ fún oṣù mẹ́ta léra, ẹ lè wá máa béèrè iye tí wọ́n ń gba yàrá ní Lomé.